Fáànù Tó Dákẹ́ Nílé Alhaji

Ìwé kejì ni mo kà kúrò nílé ìwé, n kò sì kábàámọ̀ ẹ̀. Àwọn tó kàwé jù mí lọ ló ń ru fáànù wọn wá bá mi. Ẹ gbé fáànù síwájú mi, ẹ tàn án, n ó dijú, n ó sì sọ ohun tó ń ṣe é fún yín kí n tó fọwọ́ kàn án: bóyá búùṣì, òrùka tí ọ̀pá ẹ̀ ń yí nínú ẹ̀, ló ti jẹ, bóyá òróró ẹ̀ ló gbẹ, bóyá ọ̀kan nínú apá ẹ̀ ló wọ́. Láti Ọjà'ba títí dé Bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹlòmíì tó lè ṣe é. N kò purọ́. Ẹ béèrè.

Sábẹ̀ ni wọ́n ti bí mi, lọ́hùn-ún, ní orílẹ̀-èdè kejì, lẹ́yìn ààlà ìwọ̀-oòrùn. N kò ní fi ọ̀rọ̀ ọ̀nà tí mo gbà wá dá yín dúró. Ohun tí mo rántí jù ni àárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé Ìbàdàn, tí mo gun òkè Màpó, tí mo wo ìsàlẹ̀. Páànù ni mo rí. Páànù tó ti dípẹtà, ó lọ títí ojú mi ò fi ká a mọ́, ilé fara ti ilé, kò sí àlàfo tí èèyàn lè na apá sí. Ní Sábẹ̀, àwọn òkè wa wà lẹ́yìn ìlú. Bí o bá ṣìnà, o ó gbójú sókè, o ó mọ ibi tí ilé wà. Níbí, orí òkè ni mo dúró sí, mo sì sọnù.

Ìdààmú kejì ni ti ẹnu. Mo ti rò ó pé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn mi ni mo ń bọ̀, Yorùbá kan náà là ń sọ. Mo yanu láti ra búrẹ́dì, obìnrin tó ń tà á bú sẹ́rìn-ín.

"Ará Kútọnu ni yín, àbí?"

Kútọnu ni ìlú ńlá wa lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n n kò sùn níbẹ̀ rí láyé mi. Mo sọ fún un pé ọmọ Sábẹ̀ ni mí, pé ìran wa ti kúrò ní Ọ̀yọ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbé bíríkì kan lé èkejì n'Íbàdàn, pé ọmọ ọba ni bàbá tó bí bàbá mi. Ó pe ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó wà ní ìsọ̀ kejì. "Ẹ wá wo Kútọnu ọmọ ọba!" Láti ọjọ́ náà ni orúkọ mi ti di Kútọnu.

Ẹni tó bá lọ sí ìlú òyìnbó kì í gbọ́ èdè wọn, ìyẹn sì máa ń bò ó láṣìírí díẹ̀. Èmi gbọ́ gbogbo ẹ̀. Mo gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ sí mi, mo gbọ́ èyí tí wọ́n ń sọ nípa mi, mo gbọ́ ẹ̀rín tó wà láàárín méjèèjì.

Yàrá kan ni mo gbà lábẹ́ Màpó, ní apá ìsàlẹ̀ tó lọ sí Ọjà'ba, nínú agboolé ńlá kan. Mọ́gàjí ni olórí agboolé náà, arúgbó tó ga, tí kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Apá ọ̀tún ilé jẹ́ ti Alhaji, àbúrò ẹ̀, tó ti kú kí n tó dé. Alhaja, ìyàwó Alhaji, ló fún mi ní yàrá ẹ̀yìn. Ojúlé ni mo ti ń ṣiṣẹ́, lábẹ́ páànù kan tí mo fi igi mẹ́rin gbé dúró. Mo ká wáyà fáànù títí ọwọ́ mi fi le bí awọ. Láàárín ọdún kan wọ́n ti mọ̀ mí dé Kudeti, dé Òkè Padre. Wọ́n ń pè mí ní Bàbá Fáànù. Ìyẹn lójú mi. Lẹ́yìn mi, Kútọnu ni mo ṣì ń jẹ́.

Wọn ò fìyà jẹ mí, ẹ má ṣì mí gbọ́. Bí ọdún Iléyá bá dé, wọ́n á gbé ẹran wá fún mi. Ṣùgbọ́n àwo tánńganran kan wà, olódòdó, tí wọ́n fi ń gbé oúnjẹ fún àlejò. Òun ni wọ́n máa ń fi bu tèmi. Àwọn ọmọ ilé á jókòó yí àwo ńlá kan ká ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọwọ́ á máa wọlé, ọwọ́ á máa jáde, wọ́n á máa jà lórí egungun. Èmi á jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi pẹ̀lú àwo olódòdó mi. Ọdún mẹ́fà.

Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà ni sàréè àwọn bàbá wọn wà, tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́. Wọ́n ń jókòó lé e, wọ́n ń sá ata sórí ẹ̀. Bí àlejò bá béèrè lọ́wọ́ ọmọ ilé pé, "Ṣé ọmọ ibí ni ẹ́?" ọmọ náà ò ní dáhùn, á kàn fi ìka tọ́ka sílẹ̀. Ní Sábẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ là ń ṣe. Ìdí nìyẹn tó fi ń dùn mí. Mo mọ ohun tí wọ́n ní, mo sì mọ̀ pé n kò ní nǹkan kan lábẹ́ ilẹ̀ Ìbàdàn.

Rìsíkátù, ọmọ Alhaja, ló ń lo yàrá iwájú. Ó fi tẹlifóònù síbẹ̀, ó ń fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tẹ lẹ́tà àti ìwé ìpè ìgbéyàwó fún àwọn èèyàn. Lóṣooṣù mo máa ń pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù aláṣọ kan ní Sábẹ̀ ni tẹlifóònù náà á dún sí, wọ́n á sáré lọ pè é, n ó sì tún pè.

"Ìgbà wo lo ń bọ̀ wálé?"

"Láìpẹ́, Ẹ̀gbọ́n."

"Láìpẹ́ ẹ yìí ti ń hu ewú o."

N ó rẹ́rìn-ín. N ó sọ fún un pé gbogbo Ìbàdàn ló mọ̀ mí. Kò séyìí tó jẹ́ irọ́ níbẹ̀.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, Rìsíkátù ta ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀ àti góòlù ìgbéyàwó ẹ̀, ó fi ra kọ̀ǹpútà. Òun ló kọ́kọ́ ní in ládùúgbò wa. Ó gbé àpótí ẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ tábìlì, lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó gbé ojú ẹ̀ tó dà bíi tẹlifíṣàn sórí tábìlì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tò síta. Inú gbogbo wa dùn.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ó ń dún bí kọ̀ǹpútà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mí.

Abẹ́ páànù mi ni mo wà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Á fà á sínú, á dá a dúró, á wá tú u sílẹ̀ pẹ̀lú ìró kan bíi ti ẹni tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ há lọ́fun. Mo dijú bí mo ṣe máa ń ṣe. Fáànù kékeré ni, búùṣì ẹ̀ ti gbẹ, ìdọ̀tí ti wọ̀ ọ́. Ìyẹn yé mi. Ohun tí kò yé mi ni ìdí tí irun apá mi fi dìde lọ́sàn-án gangan.

Lẹ́yìn ìrun Àìlà ọjọ́ náà, tí gbogbo ilé dákẹ́ nítorí oòrùn, mo wà ní yàrá iwájú tí mò ń bá Rìsíkátù tún fáànù òkè ṣe. Alhaja wọlé pẹ̀lú ife omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Kò wò wá. Ó kúnlẹ̀ níwájú tábìlì, ó gbé ife náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí.

"Ẹ rọra mí, Alhaji," ó ní. "Ẹ mu omi díẹ̀."

Ọwọ́ Rìsíkátù dúró lórí bọ́tìnnì. "Ìyá mi, kọ̀ǹpútà ni o."

"Mo mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ni. Ṣé mo fọ́jú ni? Bàbá ẹ ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

Àyà dídùn ló pa Alhaji. Ọdún méjì gbáko ni Alhaja fi jókòó tì í tó ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Ta ni kó wá jiyàn pẹ̀lú ẹ̀?

Ọ̀rọ̀ náà dé etí Mọ́gàjí. Ó wá fúnra ẹ̀, ó gbára lé ọ̀pá ẹ̀, ó tẹ́tí. Ó gbọ́ ọ títí.

"Jímọ̀ tó ń bọ̀ yìí ni fìdáù ọdún keje àbúrò mi," ó ní. "Gbogbo ẹbí ń bọ̀ láti oko àti láti Èkó. Bí wọ́n bá bá ìró yìí nínú ilé, n ò lẹ́nu tí n ó fi ṣàlàyé ẹ̀. Kó dákẹ́ kí Jímọ̀ tó dé, tàbí kó jáde."

Rìsíkátù bú sẹ́kún. Gbogbo ohun tó ní ló wà nínú àpótí yẹn. Kò síbi tó fẹ́ gbé e lọ tó máa rí iná àti oníbàárà bíi ti ibẹ̀.

Ẹ mọ̀ mí. N kò lè dákẹ́. "Ẹ fi sílẹ̀ fún mi, Baba," mo ní. "Fáànù lásán ni. Fáànù wo ló wà n'Íbàdàn tí n ò lè pa lẹ́nu mọ́?"

"Bí kò bá wá dákẹ́ ńkọ́, Kútọnu?"

"Kí èmi náà kẹ́rù mi jáde nílé yìí."

Mọ́gàjí wo gbogbo wa yí ká. "Ẹ ti gbọ́ o," ó ní, ó sì bá tiẹ̀ lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo gbé àpótí náà wá sábẹ́ páànù mi, mo tú sìkúrù ẹ̀. Eruku kún inú ẹ̀ dé ẹnu. Kì í ṣe eruku dúdú tí mo mọ̀ nínú fáànù, tó máa ń lẹ̀ pọ̀ bí òwú. Èyí pupa, ó kúnná bí àtíkè, ó dùbúlẹ̀ jẹ́jẹ́ lórí gbogbo nǹkan bí ẹni pé èèyàn fi ọwọ́ tẹ́ ẹ. Àwọn míì máa ń lo pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́. Èmi kì í lò ó. Ẹ̀mí tèmi tó mi. Mo gbé ẹnu sún mọ́ ọn, mo fẹ́ ẹ.

Ó bò mí lójú, ó wọ ihò imú mi, ó bà lé ahọ́n mi. Ó ní ìtọ́wò ògiri ilé àtijọ́ tí òjò pa, pẹ̀lú òórùn káńfọ̀, irú èyí tí wọ́n ń kó sáàárín aṣọ. Mo sín, mo tún fẹ́ ẹ, mo tún fẹ́ ẹ, títí inú àpótí náà fi mọ́. Èyí tó bọ́ sílẹ̀, mo gbá a sí gọ́tà, mo sì da omi lé e. Èmi kì í fi ojú iṣẹ́ mi sílẹ̀ ní ìdọ̀tí.

Bí mo ṣe ń gbẹ́sẹ̀ kúrò ní gọ́tà ni Rìsíkátù yọ. Ó wo inú àpótí. Ó wo ilẹ̀.

"Bàbá Fáànù, eruku ẹ̀ dà?"

"Mo ti fọ́n ọn dànù. Ó ti bá omi lọ."

Ó fà mí lọ́wọ́ aṣọ wọ yàrá iwájú, ó ti tábìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ká kápẹ́ẹ̀tì sókè. Sìmẹ́ǹtì gígùn kan wà níbẹ̀, wọ́n rẹ́ ẹ mọ́ ilẹ̀ kó má bàa yọrí. Ó ti sán láàárín. Ojú ibi tó sán gan-an ni àpótí náà jókòó sí, tí fáànù ẹ̀ ń fa afẹ́fẹ́ láti ìsàlẹ̀.

"Bàbá mi ló wà níbẹ̀," ó ní. "A tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lé e torí àwọn oníbàárà. Mo rò pé ẹ mọ̀."

Ibo ni mo ti fẹ́ mọ̀? Ta ní í sọ nǹkan fún ẹni tó ń fi àwo àlejò jẹun? Mo jókòó sílẹ̀, mo tún yára dìde nítorí ibi tí mo jókòó sí.

Nígbà tí Mọ́gàjí gbọ́, mo retí igbe. Kò kígbe.

"O da àbúrò mi sí gọ́tà," ó ní, bí ẹni tó ń sọ pé òjò fẹ́ rọ̀.

"Ẹ dárí jì mí, Baba. N kò mọ̀."

"O ò mọ̀. Jímọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Parí iṣẹ́ ẹ ná."

Alhaja ní tiẹ̀ jókòó sórí àpótí aṣọ ẹ̀. Ó wò mí lójú, ó wo eruku pupa tó kù lára irùngbọ̀n mi. Mo gbọ́wọ́ sókè kí n nù ún, ó ní kí n fi sílẹ̀.

Mo lọ sí Ògúnpa, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta páàtì kọ̀ǹpútà àlòkù. Ó da fáànù kékeré mẹ́wàá síwájú mi.

"Ẹ mú èyí tó wù yín, Bàbá. Fáànù ni fáànù."

Ọ̀rọ̀ yẹn bí mi nínú. Mo yọ bátìrì tí mo mú dání, mo yọ tíṣù, mo jókòó. Mo fi ìka yí ìkọ̀ọ̀kan, mo kà á bó ṣe pẹ́ tó kó tó dúró. Èyí tó bá dúró kíá, ó ti gbẹ nínú. Mo mì ín létí; èyí tó bá ń ró kẹ̀kẹ̀, mo jù ú sẹ́yìn. Mo so ó mọ́ bátìrì, mo fi igi ṣẹ́ẹ́rẹ́ kan tì í, mo fi eyín mú orí kejì igi náà, kí n lè fi egungun orí mi gbọ́ ohun tí etí ò lè gbọ́. Mo wá fa tíṣù sẹ́nu ẹ̀ kí n wo bí atẹ́gùn ẹ̀ ṣe lágbára tó. Àwọn tó dákẹ́ ò fẹ́ nǹkan kan. Àwọn tó ń fẹ́, ń pariwo bí ẹ̀fọn.

"Bàbá," ọkùnrin náà ní, "fáànù lẹ fẹ́ rà ni, àbí ìyàwó?"

"Ìyàwó lè pariwo," mo ní. "Èyí ò gbọdọ̀."

Ìgbà náà ni mo rí i lábẹ́ tábìlì ẹ̀: fáànù kan tó fẹ̀ bí àwo ọbẹ̀, tí wọ́n tú lára ẹ̀rọ ńlá ọ́fíìsì kan. Ó ní wọn kì í fi irú ẹ̀ sínú àpótí kékeré. Mo ní ìyẹn ò kàn án. Fáànù kékeré ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé, kó tó lè kó afẹ́fẹ́ díẹ̀. Èyí tó tóbi ń rìn jẹ́jẹ́, ohun tó ń kó sì pọ̀ jù. Èyí sì tún ní bíárìn nínú, àwọn bọ́ọ̀lù irin wẹ́wẹ́ tí ọ̀pá ẹ̀ ń yí lé lórí, kì í ṣe búùṣì. Mo fi igi gbọ́ ọ. Bí ìgbà tí èèyàn ń sùn tí kò lá àlá.

Alágbẹ̀dẹ páànù kan ní Bẹ̀rẹ̀ ló bá mi gé ihò ńlá sẹ́yìn àpótí. Mo gé tíúbù kẹ̀kẹ́ ní wẹ́wẹ́, mo fi sábẹ́ sìkúrù kọ̀ọ̀kan, kí irin má bàa fara kan irin. Mo yọ wáyà ẹ̀ kúrò lára wáyà yẹ́lò tí iná ẹ̀ le, mo so ó mọ́ wáyà pupa tí iná ẹ̀ rọ̀, kó lè rọra yí. Mo kọ ojú ẹ̀ síta, kí ooru máa jáde. Mo na ìbọ̀sẹ̀ obìnrin tó fẹ́lẹ́ sẹ́nu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Mo gbé àpótí náà kúrò nílẹ̀, mo gbé e sórí tábìlì. Rìsíkátù po sìmẹ́ǹtì, ó dí ibi tó sán. Ọwọ́ ẹ̀ ló fi dí i, kò jẹ́ kí n bá a ṣe é.

Ọjọ́bọ̀ la tàn án. Mo ní kó tàn án, ó ní òun ti tàn án. Mo fa tíṣù sẹ́yìn ẹ̀, ó nà gbọọrọ síta bí àsíá. Kò sí ìró. Rìsíkátù gbé etí lé e, ó bú sẹ́rìn-ín, ó dì mọ́ mi, obìnrin tí kì í bọ mí lọ́wọ́! Ẹ bá mi wá onímọ̀ ìwé tó lè ṣe irú ẹ̀.

Alhaja wọlé pẹ̀lú ife ẹ̀. Ó dúró láàárín yàrá.

"Ibo ló lọ?" ó ní.

Ó gbé omi náà padà.

Jímọ̀ dé. Wọ́n kún yàrá iwájú, wọ́n kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn alùfáà jókòó lórí kápẹ́ẹ̀tì. Kọ̀ǹpútà náà wà ní títàn lábẹ́ aṣọ funfun látàárọ̀, torí mo fẹ́ kí Mọ́gàjí mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn ẹ̀, afẹ́fẹ́ fẹ́ apá agbádá ẹ̀.

"Ó ń yí?"

"Láti àárọ̀, Baba."

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Ohun tí mo wí nìyẹn."

Ó mi orí lẹ́ẹ̀kan. N kò gba irú ẹ̀ rí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nílé yẹn. Nǹkan kan ló kàn ń ṣe mí: nígbà àdúrà, tí gbogbo ilé pa rọ́rọ́, àwọn obìnrin tó jókòó nítòsí mi ń yẹ̀ sẹ́yìn, lọ́kọ̀ọ̀kan. Alhaja ò wo alùfáà, kò wo kọ̀ǹpútà. Èmi ló ń wò.

Nígbà tí wọ́n tú ká, mo jókòó ti tẹlifóònù, mo pe Sábẹ̀. Ta ni mo tún fẹ́ fọ́nnu fún? Wọ́n ti mú iná lọ nígbà náà, kọ̀ǹpútà ti kú, ojú ẹ̀ dúdú. Èmi nìkan ló wà ní yàrá.

Mo ti ń ròyìn fáànù náà fún ẹ̀gbọ́n mi, mo ti débi ihò tí mo gé, ló bá dá mi lẹ́kun.

"Ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ?"

"Kò sẹ́nì kan."

"Mò ń gbọ́ ọ. Bàbá àgbà kan ni. Àyà ń dùn ún."

Mo yíjú wo kọ̀ǹpútà. Mo fọwọ́ bà á, ó tutù. Mo wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Mo ronú bí mo ṣe máa ń ronú bí fáànù bá ní àrùn tó fara sin: èèyàn á máa yọ nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tó fi máa kan èyí tó ń dún. Mo ti yọ gbogbo nǹkan tán. Mo fi ọwọ́ kan bo ẹnu àti imú mi, mo mú un le.

"Ó ti dákẹ́," ẹ̀gbọ́n mi ní.

Mo gbọ́wọ́ kúrò.

"Ó tún ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ìyá mi, ta nìyẹn?"

Èmi tí mò ń fi etí mọ àrùn fáànù láti ojú títì, n kò gbọ́ ọ. Títí dòní n kò gbọ́ ọ rí. Mo bojú wẹ̀yìn, Alhaja wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ife omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Tẹ́lẹ̀, "o" àti "ìwọ" ló fi máa ń pè mí, bó ti yẹ kí àgbà máa pe ẹni bíi tèmi. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ rọra mí," ó ní. "Ẹ mu omi díẹ̀."

Mo mu ún.

Mo lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n gbé nǹkan sí mi láyà, wọ́n ní eruku ni, wọ́n fún mi ní oògùn olómi. Mo mu ìgò mẹ́ta. Kò yí nǹkan kan padà. Ara kò ro mí, mò ń ṣiṣẹ́ mi. Àwọn ẹlòmíì ló ń gbọ́ ọ. Àwọn oníbàárà máa ń wò yí ká kí wọ́n tó gbé fáànù sílẹ̀.

Ní Iléyá ọdún náà, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi, mò ń retí àwo olódòdó. Kò wá. Rìsíkátù ló wá pè mí. Wọ́n ti fi àyè sílẹ̀ fún mi létí àwo ńlá, lápá ọ̀tún, ibi tí Alhaji ń jókòó sí nígbà ayé ẹ̀. Mo jẹun pẹ̀lú wọn. Kò sẹ́ni tó bá mi du egungun. Wọ́n ń fi èyí tó dára jù síwájú mi, wọ́n sì ń fà sẹ́yìn. Mo wá ń wá ẹni tó máa bá mi jà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo pinnu àti relé. Ilẹ̀ bàbá mi wà ní Sábẹ̀, mo ti fẹ́ kọ́lé síbẹ̀ tipẹ́. Mo di ẹrù. Mo lọ dágbére fún Mọ́gàjí. Ó gbọ́ mi tán, ó dìde, ó ní kí n tẹ̀ lé òun.

Yàrá iwájú la lọ. Rìsíkátù ń tẹ ìwé, fáànù náà ń yí láìpariwo. Mọ́gàjí ká kápẹ́ẹ̀tì. Ó mú ẹfun láti àpò ẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú agbára káká, ó fa ìlà gígùn kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ sìmẹ́ǹtì Alhaji, ó fa òmíràn. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó fi gígùn ẹsẹ̀ kan kún ìlà náà.

"Ìwọ lè máa lọ, Kútọnu," ó ní. "Ìlú ẹ ni. Ṣùgbọ́n èyí tó wà láyà ẹ, tiwa ni. Kò mọ ọ̀nà Sábẹ̀. Bó bá ti parí nínú ẹ, a fẹ́ kó wà nítòsí."

Rìsíkátù ò gbójú sókè. Kò dá ìwé tó ń tẹ̀ dúró.

Mo tú ẹrù mi.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣì máa ń béèrè ìgbà tí mò ń bọ̀. Ó máa ń tẹ́tí kí n tó dáhùn, mo mọ̀, mò ń gbọ́ bó ṣe ń tẹ́tí. "Láìpẹ́" ò jáde lẹ́nu mi mọ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ á ní òun ti gbọ́, á sì gbé tẹlifóònù sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín. Àwa ọmọ Sábẹ̀ pọ̀ n'Íbàdàn yìí, àwọn míì ti pẹ́ jù mí lọ, àwọn míì lówó jù mí lọ. Èwo nínú wọn ni wọ́n wọn ilẹ̀ sàréè fún nínú ilé, lábẹ́ Màpó, nígbà tó ṣì ń rìn? Bí ẹ bá wá sí yàrá iwájú wa, tí ẹ bi mí bóyá ọmọ ibẹ̀ ni mí, n kò ní bá yín sọ̀rọ̀ púpọ̀. N ó kàn fi ìka tọ́ka sílẹ̀.